Kọ́bọ̀ pupa ogójì nínú agolo: ìbejì ni wọ́n àbí wọ́n kàn jọra?

Ọmọ Ìtókò

Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá bàbá mi ṣiṣẹ́ ní pósófíìsì láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a ń tún ilé wọn ṣe ní Abẹ́òkúta, a bá agolo bisikíìtì kan lókè àjà tó kún fún sítáǹpù àtijọ́. Ikán ti jẹ gbogbo ìwé tó wà nítòsí rẹ̀, agolo ni kò rí jẹ.

Mo ti tò wọ́n sórí tábìlì. Orí Ọba George Karùn-ún ló pọ̀ jù, tí wọ́n kọ NIGERIA sí lókè. Kọ́bọ̀ pupa lé ní ogójì, épìnnì aláwọ̀ ewé tó ọgbọ̀n, sísì elésè àlùkò mẹ́fà, àti tọ́rọ́ mẹ́jọ tí pépà wọn rí bí ìyeyè. Ó wù mí kí n mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí n ta ìyókù, torí lójú tèmi ìbejì ni gbogbo wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má dán an wò, pé wọ́n kàn jọra ni. Kí ni mo máa wò tí màá fi mọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n rẹ àwọn tó ṣì lẹ̀ mọ́ pépà sómi?

Bàbá Sítáǹpù

Má rẹ nǹkan kan sómi o, ọmọ mi. Ẹni tó máa sọ ìdí rẹ̀ fún ọ ń bọ̀, mo mọ̀ pé kò ní lè dákẹ́.

Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ. Èmi náà ta ogún kọ́bọ̀ pupa lówó pọ́ọ́kú lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó rà á lọ́wọ́ mi ò tilẹ̀ wo ojú ọba, ẹ̀yìn ló ń yí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ẹ̀mú kékeré gbé wọn, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí mo mọ ohun tó ń wò, owó ti tán lọ́wọ́ mi.

Yí tìrẹ náà dojú bolẹ̀. Àmì kan wà nínú pépà yẹn láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, wọ́támáàkì là ń pè é. Ibi tí àmì náà wà máa ń fẹ́lẹ́ díẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Ohun tí wàá rí nínú tìrẹ ni adé kékeré àti lẹ́tà CA, tí wọ́n ń tún ara wọn ṣe káàkiri pépà. CA yẹn ni Crown Agents, àwọn tó ń bá ìjọba àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ra nǹkan ní Lọ́ńdọ̀nù.

Oṣù kẹfà 1914 ni sítáǹpù tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ Nàìjíríà nìkan jáde, oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n da Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá. Nínú ti ìgbà yẹn, C àti A dúró ṣánṣán bíi lẹ́tà inú ìwé ìròyìn. Láti 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo pépà mìíràn tí C àti A inú rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, bí ìgbà tí akọ̀wé fi kálàmù kọ ọ́. Ojú kan náà, ọba kan náà, àwọ̀ kan náà, síbẹ̀ sítáǹpù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Gbé e dojú bolẹ̀ sórí ohun dúdú tó ń dán. Ojú fóònù mi tó ti kú ni èmi ń lò. Jókòó sẹ́bàá fèrèsé, kí o wá máa yí orí rẹ síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi bọ́ sí i. Bí kò bá hàn, gbé e sókè síwájú gílóòbù. Sì rántí pé ẹ̀yìn lò ń wò: lẹ́tà yóò yí padà bí ẹni wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Ìyá Ìbejì Peckham

Èmi ni Bàbá ń bá wí lẹ́yìn yẹn. Ó dára, mo gbà.

Mo ra sísì George Karùn-ún méjì ní ọjà ọjọ́ Sátidé kan níbí, wọ́n lẹ̀ mọ́ pépà. Mo bomi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́ bí mo ṣe ń ṣe sí sítáǹpù Gẹ̀ẹ́sì, mo sọ wọ́n síbẹ̀, mo lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Nígbà tí mo padà dé, omi inú abọ́ ti di sóbò. Orí ọba ṣì wà, àmọ́ ó ti funfun bí ẹni tí ibà bá fínra. Mo sunkún, ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ilé ìtẹ̀wé De La Rue ní Lọ́ńdọ̀nù ló tẹ̀ wọ́n. Ẹ wo ara sítáǹpù yẹn dáadáa, POSTAGE & REVENUE ló wà níbẹ̀: a lè fi ránṣẹ́, a sì tún lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àdéhùn tàbí rìsíìtì, kí a fi kálàmù kọ nǹkan lé e. Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé á wá fọ inkì kálàmù náà kúrò kí wọ́n lè lò ó lẹ́ẹ̀kejì. De La Rue bá po inkì tó jẹ́ pé bí ẹ bá fọ òǹtẹ̀ tàbí kálàmù, àwọ̀ sítáǹpù fúnra rẹ̀ yóò bá a lọ. Elésè àlùkò àti àwọ̀ ewé kan ló burú jù. Wọ́n tún ń fi nǹkan bí ẹfun pa ojú pépà àwọn kan, òun náà kì í fẹ́ omi.

Nítorí náà, ọmọ Ìtókò, sísì mẹ́fà yẹn, jẹ́ kí wọ́n wà lára pépà wọn. Bí o bá fẹ́ gé e, fi àyè sílẹ̀ yíká rẹ̀ dáadáa. Bí àpò ìwé odidi bá wà níbẹ̀ tó ní àdírẹ́sì àti òǹtẹ̀, má gé e rárá.

Ọmọ Ìtókò

Áà! Mo ti pọn omi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Mo ti dà á nù. Àpò ìwé odidi mẹ́ta ló wà, ọ̀kan lọ sí Liverpool.

Bàbá Sítáǹpù

Liverpool! Gbé ìyẹn sínú ìwé ńlá kan, kó o tì í pa, kó o má jẹ́ kí àwọn ọmọdé mọ ibẹ̀.

Adélùú

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí wọ́támáàkì nìkan ò ní parí ẹjọ́ yìí. Láàárín àwọn tí lẹ́tà wọn tẹ̀ kọrọdọ, Die I wà, Die II sì wà. Die ni irin tí wọ́n gbẹ́ ojú sítáǹpù sí: I ni ti àkọ́kọ́, II ni èyí tí wọ́n tún gbẹ́.

De La Rue kì í gbẹ́ ojú sítáǹpù tuntun fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní irin kan tó ní orí ọba àti ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀, èyí tí wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀, wọ́n wá ń fi irin kejì tẹ orúkọ ìlú àti iye owó. Nígbà tó yá, wọ́n gbẹ́ irin olórí ọba yẹn tuntun. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ò lè ṣe é kó bá ti àkọ́kọ́ mu délẹ̀délẹ̀, ibẹ̀ la ti ń mú un.

Ẹ wo ìlà lábẹ́ orúkọ NIGERIA lókè, níbi tí adé wà. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀, èkejì nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní Die I, ibi tí ìlà tó nípọn yẹn ti fẹ́ kan adé, ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ adé ṣe rí. Ní Die II, wọ́n gé e kúrú, orí rẹ̀ sì dúró pátá bí ẹni fi ọ̀bẹ gé dòdò. Tọ̀tún tòsì adé bákan náà. Ojú lásán kì í rí i. Awò tí àwọn tó ń tún aago ṣe ń dì mọ́jú ni kí ẹ wá, ó wà lọ́jà.

Kọ́bọ̀ pupa tí C àti A rẹ̀ bá dúró ṣánṣán, Die I ni. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ọmọ Ìtókò ní orí George Karùn-ún ló pọ̀ jù. Ó túmọ̀ sí pé àwọn mìíràn wà níbẹ̀. Bí èyí tó ní àwòrán bá wà, bíi èbúté Apapa, kòkó, igi gẹdú, màlúù Fúlàní, 1936 nìyẹn. Bí orí George Kẹfà bá wà, láti 1938 lọ ni. Níbẹ̀, ẹ̀yìn ò ní ràn ọ́ lọ́wọ́, torí wọ́támáàkì kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Eyín ni kí o kà.

Eyín ni mò ń pe ihò wẹ́wẹ́ etí sítáǹpù. Iye ihò tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà méjì là ń kà, kì í ṣe iye tó wà ní etí kan. Fi rúlà wọ̀n ọ́n, kà á lókè, kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí iye méjèèjì bá yàtọ̀, ti òkè la ń kọ ṣáájú. Nínú ti 1936, kọ́bọ̀ kan ààbọ̀ àti tọ́rọ́ wà ní 11½ × 13, wọ́n tún wà ní 12½ × 13½. Kò sí ohun mìíràn tó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Épìnnì àti kọ́bọ̀ George Kẹfà, 12 ni títí di 1950 tí àwọn kan wá jáde ní 11½. Ààbọ̀ ihò! Ojú mi ti ṣókùnkùn nítorí ààbọ̀ ihò. Èyí tó wá ń da èèyàn láàmú jù lọ ni ṣílè méjì àti sísì tó ní àwòrán ọ̀nà Victoria sí Buea. (Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń ṣàkóso apá Kamẹrúùnù yẹn nígbà náà.) Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 13 × 11½, ogun dé, ó di 13½, ó di 14, nígbà tó máa fi di 1951 ó ti di 12. Sítáǹpù kan, eyín mẹ́rin. Mo ní mẹ́ta nínú wọn. Ẹni tó bá ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin lọ́wọ́ kó bá mi sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Sítáǹpù Èkó tó jáde ní 1874, tó ní orí Ọbabìnrin Victoria, eyín 12½ ló ní. Ní 1876 ó di 14. Wọ́támáàkì méjèèjì jẹ́ adé lórí CC. Ní 1882 ni CC tó di CA.

Ìyá Ìbejì Peckham

Tíṣà, ẹ sọ fún un nípa àwọn tí wọ́n gé etí wọn pẹ̀lú.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ẹ ṣeun, àǹtí. Àwọn kan ń fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ etí tó ti bàjẹ́, wọ́n á tún lu ihò tuntun sí i. Bí o bá rí sítáǹpù tó kéré díẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí tí etí rẹ̀ kan mọ́ dáadáa jù, tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Alájà Bódìjà

Èmi ń rà, mo sì ń tà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Nǹkan tí gbogbo ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ mi ń sọ ni pé, "Èyí pupa ju èyí lọ, ó gbọ́dọ̀ yàtọ̀." Àwọ̀ ni ẹlẹ́rìí tó ń parọ́ jù. Oòrùn ń jẹ pupa. Ooru inú agolo lábẹ́ páànù ń sọ funfun di bí àwọ̀ ẹ̀kọ tó ṣíkàn. Ẹ kọ́kọ́ mọ wọ́támáàkì, ẹ mọ eyín, ẹ mọ die, lẹ́yìn náà kí ẹ wá béèrè àwọ̀, kó sì jẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù.

Àyàfi tí àwọ̀ náà bá yí pátápátá. Kọ́bọ̀ méjì George Karùn-ún, eérú ni tẹ́lẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kí 1930 dé wọ́n sọ ọ́ di búráùn. Kọ́bọ̀ George Kẹfà jẹ́ pupa, ní 1944 ó di elésè àlùkò. Ìyẹn ò fẹ́ awò.

Ní ti tọ́rọ́ tìrẹ, ohun mìíràn ni. Pépà rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n pa láró. Wo iwájú, lẹ́yìn náà kí o wo ẹ̀yìn. Ti àwọn kan, iwájú jẹ́ ìyeyè, ẹ̀yìn funfun báláú, torí iwájú nìkan ni wọ́n pa. Ti àwọn kan, ẹ̀yìn jẹ́ àwọ̀ ọsàn wẹ́wẹ́. Àwọn kan wà tí ìyeyè ibẹ̀ ki, àwọn kan wà tó sì ṣí. Bó o bá to mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dojú bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á pín ara wọn fún ọ. Ṣílè kan tí wọ́n fi inkì dúdú tẹ̀ sórí pépà aláwọ̀ ewé náà rí bẹ́ẹ̀.

Adélùú

Wọ́támáàkì tí kò bá hàn lórí fóònù dúdú ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ ti epo láítà.

Bàbá Sítáǹpù

Mo mọ̀ pé o máa gbé e dé. Mi ò sọ ọ́ fún un torí mi ò mọ irú ilé tó ń gbé.

Adélùú

Bàbá, ọmọdé kọ́ ni. Ọmọ Ìtókò, epo tí wọ́n ń rọ sínú láítà sìgá, èyí inú agolo kékeré. Kì í ṣe pẹtiróòlù tí wọ́n ń ta ní fíílìn, ìyẹn ń fi àbàwọ́n sílẹ̀. Gbé sítáǹpù dojú bolẹ̀ sínú àwo dúdú, kán ẹ̀kán méjì sí i, adé á yọ bí ẹja tó lé sójú omi. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ epo á gbẹ, gọ́ọ̀mù ò ní yọ́. Mo ti ṣe é fún ọdún méjìlá.

Bàbá Sítáǹpù

O sì ti gbàgbé ohun méjì. Ìkíní, kò gbọ́dọ̀ sí iná nítòsí, kò sí ábẹ́là, kò sí sítóòfù, kò sí jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ fèrèsé. Ìkejì, kò gbọ́dọ̀ ṣe é fún àwọn sítáǹpù ìgbẹ̀yìn tí wọ́n fi photogravure, ọ̀nà ìtẹ̀wé mìíràn, tẹ̀, epo yẹn lè yọ inkì wọn. Ti George Karùn-ún ò ní nǹkan ṣe.

Adélùú

Mo gba èkejì. Ìkíní, ta ló ń tan ábẹ́là wo sítáǹpù?

Bàbá Sítáǹpù

Èmi. Ní 1998. Irùngbọ̀n mi ló san án.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ọ̀rọ̀ pépà tí wọ́n fi nǹkan bí ẹfun pa yẹn, ọ̀nà kan wà láti mọ̀ ọ́n. Fàdákà gidi máa ń fa ìlà dúdú sára rẹ̀ bíi pẹ́ńsù, kì í fa nǹkan sára pépà lásán. Mo ní ṣílè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti 1913 tí mo ń fi ṣe é, fàdákà ni. Ṣílè tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1920 kò ní ṣiṣẹ́, irin mìíràn ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ìlà yẹn kì í parẹ́, torí náà etí gan-an ni kí ẹ ti fi kàn án, tàbí kí ẹ fi sítáǹpù tó ti ya dánra wò.

Alájà Bódìjà

Bí èyí tí wọ́n tẹ SOVEREIGN BIAFRA lé lórí bá wà nínú agolo yẹn, lórí àwọn sítáǹpù ẹranko 1965 sí 1966, má ta á, má sì yọ̀. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn, torí sítáǹpù abẹ́ rẹ̀ kì í wọ́n, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré lè tẹ ọ̀rọ̀ lé e. Irú bẹ́ẹ̀ fẹ́ ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Royal Philatelic Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí, àmọ́ wọ́n ń gbowó. West Africa Study Circle náà wà, ẹgbẹ́ àwọn tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju sítáǹpù apá ọ̀dọ̀ wa lọ.

Iye tó wà nínú káńtálọ́ọ̀gì, ìwé tí wọ́n to sítáǹpù àti iye wọn sí, kọ́ ni owó tí wàá gbà lọ́wọ́ mi o. Mo yáa tètè sọ ọ́.

Ọmọ Ìtókò

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ìgbà tí mo jókòó sídìí ẹ lánàá, ó di aago méjì òru. Mo lo fóònù dúdú, mo ra awò, mi ò tíì ra epo láítà.

Kọ́bọ̀ pupa jẹ́ mọ́kànlélógójì. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ní lẹ́tà tó dúró ṣánṣán. Mẹ́sàn-án tẹ̀ kọrọdọ. Mi ò rí nǹkan kan nínú mẹ́ta. Nínú àwọn mẹ́sàn-án, mo rí ìlà tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ nínú mẹ́fà, àwọn mẹ́ta tó kù sì rí bí dòdò tí wọ́n gé gẹ́lẹ́ bí ẹ̀gbọ́n Adélùú ṣe wí. Mo kígbe, ìyàwó mi jí.

Ìbéèrè méjì. Adé inú ọ̀kan nínú àwọn tó dúró ṣánṣán dojú kodò. Ṣé mo yí i ni? Ìkejì, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí mi ò rí nǹkan nínú wọn ní òǹtẹ̀ ABEOKUTA, ọdún tó wà lára rẹ̀ sì hàn kedere: 1919.

Bàbá Sítáǹpù

Èkejì rọrùn. Lẹ́tà kọrọdọ ò tíì dé ayé ní 1919. Ṣánṣán ni, Die I ni. Òǹtẹ̀ ti wí tirẹ̀. Ibi tí òǹtẹ̀ ti wúlò nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òǹtẹ̀ ba sítáǹpù jẹ́.

Ìkíní: gbé e dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí orí ọba wà lókè gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lójú. Bí adé bá ṣì dojú kodò, wọ́n ki pépà bọ ẹ̀rọ ní ìdàkejì ni. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́. Kọ ọ́ sẹ́yìn àpò kékeré tí o fi sí, kì í ṣe sẹ́yìn sítáǹpù!

Ọmọ Ìtókò

Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ṣì dojú kodò.

Alájà Bódìjà

Mo lè wá sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ wò ó!

Bàbá Sítáǹpù

Má dá a lóhùn ná, ọmọ mi. Ó kù sí tọ́rọ́. O ti yí wọn?

Ọmọ Ìtókò

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to wọ́n ni, bàbá. Iwájú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jẹ́ ìyeyè. Mo yí wọn dojú bolẹ̀ báyìí: mẹ́ta funfun, mẹ́rin jẹ́ ìyeyè, ọ̀kan rí bí inú ọsàn.

Bàbá Sítáǹpù

Má fọwọ́ kan ọ̀kan yẹn. Fi ẹ̀mú gbé e.